Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Wá Ara

Ẹ́ńjìnnì náà gbóná nígbà tí Ọ̀ṣẹ́nì hú u jáde lábẹ́ ebè iṣu, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tàn án. Ó ní oòrùn ni. Oòrùn wo ló ń wọ abẹ́ ilẹ̀?

Ní Òtu, ohun tí ọkọ́ bá hú jáde, ọjọ́ méje la fi ń béèrè olóhun rẹ̀ káàkiri kí a tó lò ó. Ọ̀ṣẹ́nì kò béèrè. Mẹkáníìkì ni, ó mọ irin tó dára. Ó fi àpò bò ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì dè é mọ́ alùpùpù Gbémisọ́lá ìyàwó rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà l'Ókaka, ojú títì ló sì ti ń tọrọ ọkọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ká má purọ́, ìfẹ́ ni kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Bàbá Màríámù, ẹ ṣé gan-an ni," Gbémisọ́lá wí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì gùn ún lọ.

Kò pẹ́ tí Bàbá Ṣùkúrù, ọ̀gá tó kọ́ Ọ̀ṣẹ́nì níṣẹ́, fi ọ̀pá tilẹ̀ dé.

"Ìró tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi yẹn, níbo lo ti rí i?"

Ọ̀ṣẹ́nì jẹ́wọ́. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ká ní o béèrè ni, ǹ bá ti sọ fún ọ. Àwa la sin ín. Àwọn òyìnbó tó rọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá rà á ni yóò wá ara fún un: ẹlòmíràn á fi sí kẹ̀kẹ́, ẹlòmíràn á fi sí ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ẹ́ńjìnnì yòókù gbà bẹ́ẹ̀. Èyí kọ̀. Ó wọ kẹ̀kẹ́ òyìnbó kan, ó wọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo n'Ípàpó. Irin ò tẹ́ ẹ lọ́rùn."

"Kí ló wá ń fẹ́, Bàbá?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Ìyàwó rẹ dà?"

Ọ̀ṣẹ́nì sáré bí ẹni tí iná ń lé. Lójú ọ̀nà Òkaka, ó bá alùpùpù náà nínú koríko, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù bí òkúta inú odò. Gbémisọ́lá dúró lábẹ́ igi kan, aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ funfun, kò fara pa rárá. Inú Ọ̀ṣẹ́nì dùn débi pé ó bú sẹ́kún, ó sì fà á mọ́ra.

Ara obìnrin náà gbóná. Òórùn pẹtiróòlù ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nǹkan kan ń lù láyà rẹ̀, ó yára, ó ṣe déédéé, kò sì dúró mí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Gbémisọ́lá kò fi orúkọ pe ọkọ rẹ̀ rí.

"Ọ̀ṣẹ́nì," ó wí pẹ̀lẹ́, "o ṣeun. Èyí bá mi mu."