Ẹni Tó Ń Lu Gìtá Kọ́ Ló Ni Ín

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Òjò ti dá, ilẹ̀ Àgbowó ṣì tutù, Bólúwadúró sì ti múra iṣẹ́ tán. Iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ́mù ló ń ṣe, wọ́n sì ń dúró dè é níbi ilé kan ní Bódìjà. Ó yẹ kó ti dé ojú títì. Ṣùgbọ́n bó ti mu ẹ̀kọ tán, gìtá béèsì tó fi ti ògiri ló nawọ́ mú, ó sì ń tẹ okùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ láìfi iná sí i.

"Bàbá Peculiar," ni Ìdùnnú, ìyàwó rẹ̀, wí láti ibi tó ti ń di irun ọmọ wọn, "ṣé gìtá yẹn lẹ fẹ́ fi gé fèrèsé lónìí ni?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Béèsì tí mo máa lù lọ́jọ́ náà, àwọn ará Challenge á gbọ́ ọ nílé wọn."

"Kó ṣá má jẹ́ pé etí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín ni ariwo ọ̀hún máa kọ́kọ́ dé."

Peculiar rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì fi ìyarun gbá a lórí díẹ̀ pé kó jókòó jẹ́ẹ́.

Kì í ṣe pé Ìdùnnú kórìíra gìtá. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí àwọn méjèèjì ń lọ ní Àgbowó ló ti kọ́kọ́ rí ọkọ rẹ̀, nídìí gìtá sì ni. Ohun tí kò dùn mọ́ ọn nínú ni bí gìtá aláwọ̀ ojú ọ̀run yìí ṣe wọlé. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́láwárìn ni Bólúwadúró ti rà á, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀. Gìtá àtijọ́ tó ti ń lò láti ìgbà àpọ́n ló kọ́kọ́ tà, kí owó tó pé. Lọ́jọ́ tó gbé e dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ìdùnnú bi í.

"Ta ló ni ín kó tó di ti Bọ́láwárìn?"

Bólúwadúró rẹ́rìn-ín sí i. "Ìdùnnú, olórin kì í bi olórin ní irú ìyẹn. Ó tó ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí mo ti rí i tó ń lù ú. Ẹni tó mọ gìtá lò tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ṣé ó lè jẹ́ olè?"

Kí ẹni tí kò bá mọ ìṣe àwọn olórin ìlú Ìbàdàn fetí sílẹ̀ díẹ̀. Ohun èlò wọn kì í gbé ojú kan. Ẹni tó ní òde ìgbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta á yá gìtá ẹnì kan, á yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn ẹlòmíràn, á sì dá gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ Ajé. Wọn kì í kọ ìwé, wọn kì í pe ẹlẹ́rìí. Àṣà tó dára ni, nítorí owó àwọn nǹkan wọ̀nyí ga ju agbára ẹnì kan lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń lo ohun ẹlòmíràn, rírí i lọ́wọ́ ẹnì kan kò fi hàn pé òun ló ni ín. Bólúwadúró mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tó fẹ́ rà á, ó wò ó bóyá ọrùn gìtá náà tọ́, ó fi iná sí i, ó lu orin kan, ó gbọ́ pé kò hó, ó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ohùn gìtá ló wádìí. Kò wádìí olówó rẹ̀.

Fóònù rẹ̀ dún láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà. Orí Wasáàpù ni, nínú ẹgbẹ́ àwọn olórin ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi àwòrán kan síbẹ̀: bàbá arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun, gìtá aláwọ̀ ojú ọ̀run lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní orí gìtá náà, ibì kan jó dúdú, kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nìyí:

"A ń wá gìtá yìí. Alàgbà Ọlábọ̀dé ní Challenge ló ni ín. Wọ́n fi yá Bọ́láwárìn kó fi ṣeré ìgbéyàwó kan. Kò dá a padà, a kò sì rí òun náà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá rí i kó pe èmi Bọ́sẹ̀, ọmọ wọn."

Bólúwadúró wo orí gìtá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ibi tó jó náà ń wò ó padà. Ó pe Bọ́láwárìn. Fóònù kò lọ. Ó tún un pè. Ọ̀kan náà ni. Ó da ojú fóònù dé orí tábìlì.

"Kí ló dé?" ni Ìdùnnú bèèrè.

"Kò sí nǹkan. Àwọn ará ẹgbẹ́ ni."

Ó lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá a lọ. Ọ̀pá alumíníọ́mù kan gbáko ló gé kúrú jù, tí kò sì wúlò fún fèrèsé kankan mọ́. Ohun tó ń yí lọ́kàn rẹ̀ ni pé: "Bí mo bá dá a padà, ta ni yóò san owó mi? Gìtá tèmi ti lọ. Kí ni mo fẹ́ gbé dání lọ́jọ́ ìkórè?" Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti rántí Ìṣọ́raolúwa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Moniya tó ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ta gìtá yìí fún òun. Ìṣọ́raolúwa kò sí nínú ẹgbẹ́ orí Wasáàpù náà. Bólúwadúró pè é, ó ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀hún, Ìdùnnú jáde sí ẹ̀yìn ilé láti sá aṣọ. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àpótí, gìtá lórí itan, sáńpépà lọ́wọ́. Ìdajì ojú ibi tó jó ti ṣí kúrò. Agolo ọ̀dà kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Kí lẹ ń ha níbẹ̀?"

Bólúwadúró kò lè parọ́ mọ́. Ó na fóònù sí i. Ìdùnnú ka ìkéde náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó rọra gbé aṣọ tútù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ni yóò rà á?"

"Ọmọ Moniya yẹn."

"Ẹ gbọ́, Bàbá Peculiar. Ẹ rántí fóònù tí Ọmọ́fẹ́ àbúrò mi rà ní Dùgbẹ̀, tí ọlọ́pàá wá fi gbé e?"

"Ṣebí wọ́n fi í sílẹ̀."

"Wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé kò mọ̀, bó sì ti mọ̀ ló mú wọn lọ sí ìsọ̀ ẹni tó tà á fún un. Agbẹjọ́rò tó bá a dúró ló ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹrù olè kì í di tẹni nítorí pé a sanwó lé e. Ẹni tí wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣì ni ín. Ó ní ẹni tó rà á láìmọ̀ lè wí tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀, tó wá pa àmì rẹ́, tó tún tà á, ó ti di ara àwọn olè. Títí di Ọjọ́bọ̀, wọ́n rẹ́ yín jẹ ni. Lónìí ńkọ́? Kí lẹ máa pe ara yín?"

"Èmi nìkan ni wọ́n máa jẹ lówó ni?"

"Ṣé torí kó má bàa jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ kún un?"

Bólúwadúró kò ju sáńpépà náà nù.

Kò pẹ́ tí Ìṣọ́raolúwa fi dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bá Peculiar ṣeré, ó sì gbé gìtá náà kọ́rùn bí ẹni gbé àkọ́bí. Ó fi iná sí i, ó lu orin ìyìn kan, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gìtá yìí ń sọ̀rọ̀! Mo ti ta gìtá kékeré ọwọ́ mi. Mo ti ṣe tán."

"Ojú ibi tí mo ha lórí rẹ̀ ńkọ́? O ò bi mí."

"Ìyẹn kò kan ohùn rẹ̀."

"O ò sì bi mí ibi tí mo ti rà á."

Ìṣọ́raolúwa rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ bi yín? Ṣebí mo ti rí yín tí ẹ ń lù ú. Ẹni tó mọ gìtá lò báyìí, ṣé ó lè jẹ́ olè?"

Ìdùnnú, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wo ọkọ rẹ̀. Bólúwadúró náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ láti ẹnu ẹlòmíràn, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí i lẹ́yìn. Ó dìde, ó bọ́ gìtá náà kúrò lọ́rùn ọmọ náà.

"Mi ò tà á mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Ṣé owó ni kò tó?"

"Kì í ṣe tèmi. Olówó rẹ̀ ń wá a."

Ìṣọ́raolúwa wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ sì pè mí wá láti Moniya?"

"Mo pè ẹ́. Bínú sí mi bó ṣe wù ẹ́, mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ìbínú yẹn. Bí o bá padà dé ilé, lọ bá ẹni tó ra tìrẹ, bóyá ó ṣì máa gbà kí o gbà á padà."

Ọmọ náà jáde láìkí ẹnikẹ́ni.

Bólúwadúró pe Bọ́sẹ̀, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún un, òun àti Ìdùnnú sì wọ takisí lọ sí Challenge lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bọ́sẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kó tó wo ojú àlejò, àpò gìtá ló kọ́kọ́ wò.

"Ẹ̀yin ni Bólúwadúró, àbí? Mo rí orúkọ yín lára àwọn tó ti ka ìkéde wa láti Ọjọ́bọ̀. Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà Challenge?"

Bólúwadúró dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní àwíjàre."

Alàgbà Ọlábọ̀dé jókòó nínú yàrá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ ti bá a jà. Ìdí nìyí tó fi fi gìtá náà yá ẹni tó lè lù ú, kó má bàa wà lásán. Wọ́n gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún pa á láti ìdí dé ọrùn. Nígbà tó kan orí rẹ̀, ọwọ́ náà dúró.

"Ta ló ha ibí yìí?"

"Èmi ni, bàbá."

"Àbẹ́là ló jó o. Ọjọ́ ìkómọjáde Bọ́sẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ló gbé àbẹ́là dání, tó ń jó bọ̀ wá síwájú mi, tó gbàgbé pé iná wà lọ́wọ́ òun. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, gbogbo oníṣẹ́-ọ̀dà ló ti bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn kùn ún. Mi ò gbà."

Bólúwadúró tún dọ̀bálẹ̀. Ó lè dá gìtá padà. Kò lè dá ohun tí sáńpépà gbé lọ padà.

"Dìde," ni Alàgbà wí níkẹyìn. "Èmi náà kò ṣe é bó ti yẹ. Mo gbé nǹkan fún ẹni tí mi ò mọ ilé rẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i wà lẹ́yìn orí gìtá, mi ò dà á kọ rí. Ká ní mo ti mọ̀ ọ́n ni, à bá ti kéde rẹ̀ lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, bóyá o kì bá tí rà á. Ṣùgbọ́n ìwọ, kí ló ní kí o má béèrè? Ká ní o bi Bọ́láwárìn pé kó mú ọ dé ọ̀dọ̀ olórí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ṣé yóò gbà? Ká ní o ní kí ẹ jọ ya fọ́tò pẹ̀lú gìtá, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun tà á, ṣé yóò dúró?"

"Yóò sá lọ, bàbá."

"Ìyẹn ni. Olóòótọ́ kò ní bínú sí ìbéèrè."

Bọ́sẹ̀ bá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bólúwadúró sọ bó ṣe rà á, ó fún wọn ní nọ́ńbà fóònù Bọ́láwárìn àti orúkọ báńkì tí owó gbà lọ. Kò fi ti sáńpépà pa mọ́. Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sọ fún un pé ká ní ọwọ́ Ìṣọ́raolúwa ni wọ́n ti rí i ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọn ìbá máa sọ. Wọn kò tíì rí Bọ́láwárìn títí di ìsinsìnyí. Owó náà kò padà.

Ní ọjọ́ ìfidánrawò orin, Bólúwadúró sọ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn akọrin. Àwọn kan fún un ní ìṣírí. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti ń yá a ní nǹkan láti ọjọ́ pípẹ́, kò yá a ní nǹkan mọ́, Bólúwadúró kò sì bi wọ́n ní ìdí. Lọ́jọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún, orin dùn, ẹlòmíràn ló sì lu béèsì. Bólúwadúró dúró láàárín àwọn akọrin, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin olórin tí ẹ ń ka èyí, àti gbogbo ẹni tó ń ra ohun tí ẹlòmíràn ti lò rí: ẹ gbẹ́kẹ̀ lé etí yín tí ẹ bá fẹ́ lu gìtá, ṣùgbọ́n ẹ má fi etí nìkan rà á. Ẹ béèrè ẹni tó ni ín, ẹ dé ilé rẹ̀, ẹ mú ẹlẹ́rìí dání. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn orí gìtá tiyín lónìí, kí ẹ da nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kọ síbi tí kò ti ní sọnù. Bí ẹ bá sì rí i pé ohun tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ ti ẹlòmíràn, ọjọ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gbé e jáde. Ọjọ́ méjì péré ni Bólúwadúró fi pa á mọ́, ọjọ́ méjì yẹn sì ni Bọ́sẹ̀ rántí jù.