Ojúde Tó Gùn Ju Àwòrán Lọ

Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá Mọpẹ́ jókòó sídìí òfì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn n'Ísẹ́yìn, ó ń ju ọ̀kọ̀, igi kékeré tó gbé òwú ìhunṣọ, láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Òwú tó nà síwájú rẹ̀ gba gbogbo ojúde kọjá, ó dé ìdí igi dóńgóyárò tó wà létí títì, níbi tí òkúta ńlá kan ti fà á le. Bí ó bá ṣe ń hun aṣọ náà ni òkúta ọ̀hún ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọmọ Ìsẹ́yìn tí kò mọ̀ pé a kì í tẹ irú òwú bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ àdúgbò pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mọ́tò Rótìmí kò mọ̀. Díẹ̀ ló kù kí táyà rẹ̀ gun òwú náà kó tó dúró.

Rótìmí ni àbúrò Ọláyanjú, baba Mọpẹ́olúwa, tó ti kú láti ọdún mẹ́ta. Èkó ló ń gbé, Kérésìmesì nìkan ló sì máa ń mú un wálé. Lọ́dún yìí, kò dá wá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Samsudeen bá a wá, oníṣòwò ará Ìjió tó ń wá ibi tó máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí.

"Ìyá Mọpẹ́, oníbàárà rèé o," ni Rótìmí wí, kò tilẹ̀ jókòó. "Ojúde yìí la fẹ́ tà. Àsìkò ọdún lowó máa ń wálé. Bí ọdún bá ti lọ tán, kálukú á ti di àpò rẹ̀, ó di Èkó."

Obìnrin náà gbé ọ̀kọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Tí ẹ bá ta ojúde, ibo ni kí n na òwú sí? Iṣẹ́ yìí náà ni mo fi ń bọ́ ọmọ yín."

"Ìyàwó ni yín nílé yìí, ìyàwó kì í sì í jogún ọkọ. Ọwọ́ ọmọ ni ẹ̀tọ́ bọ̀ọ̀dá mi wà. Mọpẹ́ ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Tí òun bá ti fọwọ́ sí i, ó parí."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Mọpẹ́ ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ìgbà kan rí tí ẹnikẹ́ni dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nínú ẹbí yẹn. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ ọn.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ gbé oúnjẹ ọdún fún ìyá tirẹ̀ n'Ìwéré-Ilé. Kó tó jáde, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Mọpẹ́, má fọwọ́ sí ohunkóhun kí n tó dé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mọ́mì."

Kò pẹ́ tó lọ ni Rótìmí pe Mọpẹ́ sínú mọ́tò. Páálí fóònù kan wà lórí itan rẹ̀, fóònù olójú gbàràmù, irú èyí tí Misturat ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lò tó fi máa ń pe ti Mọpẹ́ ní tọ́ọ̀ṣì.

"Ìwọ lo ni ín," ni Rótìmí wí. "Ṣé ilé la sọ pé a fẹ́ tà ni? Ilé yín wà níbẹ̀ digbí. Ilẹ̀ lásán tí ewúrẹ́ ń sùn sí ni."

Mọpẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni. Orí ilẹ̀ lásán yẹn ni owó ìdánwò rẹ̀ ti jáde. Ó mọ ibi tí òkúta ìyá rẹ̀ máa ń wà láàárọ̀, ó sì mọ ibi tó máa ń wọ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ó tan ara rẹ̀ jẹ, ó ní ìyá òun á rí ibòmíràn. Ṣebí Ìsẹ́yìn fẹ̀? Ojú rẹ̀ kò kúrò lára páálí náà. Rótìmí na ìwé títa ojúde sí i, ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i.

Ó fi fóònù náà pamọ́ di ọjọ́ Kérésìmesì. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá rẹ̀ padà sídìí òfì, torí aṣọ ìgbéyàwó ló wà lórí rẹ̀. Mọpẹ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ya àwòrán àkọ́kọ́. Fóònù dún ṣáká, ìyá rẹ̀ sì bojú wẹ̀yìn.

"Ta ló ni fóònù yẹn?"

Mọpẹ́ fi fóònù náà pamọ́ sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ wo fóònù, ó wo ojúde, ó kọjú sí òfì rẹ̀ padà. Kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ì bá kúkú gbá a létí, ì bá sàn fún Mọpẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta ọdún, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó búlọ́ọ̀kù dé. Ìyá Mọpẹ́ bẹ dírẹ́bà pé kó fún òun lọ́jọ́ mẹ́sàn-án péré kí aṣọ náà parí. Dírẹ́bà ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun, kò sì pa ẹ́ńjìnnì. Ni obìnrin náà bá wọlé, ó mú abẹ jáde. Àwọn aládùúgbò pariwo, torí a kì í gé òwú tí a kò tí ì hun tán. Ó gé e fúnra rẹ̀, òwú dẹ̀, ó sì ṣubú sínú erùpẹ̀. Ọkọ̀ wọlé. Mọpẹ́ bú sẹ́kún, kò sì sí ẹni tó ní kó má sunkún.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ògiri ti dìde níwájú wọn. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló kù láàárín rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà. Òfì di ohun tí aláǹtakùn ń ta òwú tirẹ̀ sí. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ fi máa rọ̀, ebi ti wọ ilé náà, Rótìmí sì ní kí wọ́n kúkú ta ilé pẹ̀lú. Ta ló fẹ́ ra ilé tó kọjú sógiri? Samsudeen yìí náà ló rà á, ní owó pọ́ọ́kú. Mọpẹ́ tún fọwọ́ sí i, ebi ló di bírò mú fún un lẹ́ẹ̀kejì. Rótìmí ní òun á mú ìpín tiwọn wá kí Iléyá tó dé. Iléyá dé, Iléyá lọ, wọn ò gbúròó rẹ̀.

Ìwéré-Ilé ni ìyá àti ọmọ kó lọ, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń yan gàárì. Ibẹ̀ ni Kérésìmesì mìíràn ti bá wọn. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ sọ̀bẹ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró.

"Ṣí fóònù yẹn, jẹ́ kí n wo ojúde wa."

Láti ọdún tó kọjá, kò dárúkọ fóònù náà rí. Mọpẹ́ gbé e fún un, ojú fóònù náà ti sán. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nínú àwòrán àkọ́kọ́ yẹn, àti òfì, àti òwú tó ń lọ, tó ń lọ, títí ó fi dé etí àwòrán.

"Òkúta mi dà?"

"Kò wọnú rẹ̀, Mọ́mì. Ó jìnnà jù."

"Ó jìnnà lóòótọ́." Ó dá fóònù padà, ó mú ọ̀bẹ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó ń bọ́ ilé náà ni ilé. Ẹni tó bá tà á nítorí ohun tó ń dán ti ta òrùlé mọ́ ọn, ó kàn ku ọjọ́ tó máa kó ẹrù ni. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé tí ẹnikẹ́ni gbé wá, ẹ kọ́kọ́ wò ó, ta ló máa sunkún? Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.