Ẹni Tó Fún Iná Lọ́nà

Nígbà tí iná kú tán, ohun tó kù nínú ilé aránṣọ kò ju ògiri mẹ́rin àti ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Obìnrin aránṣọ náà fúnra rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Olóyin, ọkùnrin tó ń sin oyin nínú igbó ẹ̀yìn àdúgbò, wà ní àtìmọ́lé. Gbogbo àdúgbò ti dá a lẹ́jọ́ tán: ta ló tún ń gbé agolo èéfín tí wọ́n fi ń lé oyin wọ igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí kò ṣe òun? Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé kóòtù báyìí, ẹ̀wọ̀n ni.

Obìnrin kúkúrú kan ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ìyá Báwo ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí bí èèyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò bi onítọ̀hún báwo ni àárọ̀ ṣe rí. Ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Panápaná tó ń kọ́ àdúgbò náà bí a ṣe ń dènà iná igbó ló mú un dé etí igbó náà. Ojú ọkùnrin náà ti wọnú.

"Ààlà iná wa nìyí," ó ní, ó sì nawọ́ sí ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n ro láàárín igbó àti àwọn ilé. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé ewé kan ò gbọ́dọ̀ wà níbí. Iná tí ò bá ti rí nǹkan jẹ, ibẹ̀ ló máa kú sí. Iná yìí wá kọjá. Wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀kọ́ mi ò wúlò, pé àwọn ò ní ro ààlà kankan mọ́."

"Báwo ló ṣe kọjá?"

"Wọ́n ní atẹ́gùn ló gbé e fò."

Ìyá Báwo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Erùpẹ̀ lásán ló wà lórí ààlà náà, àfi ẹ̀yìn ilé aránṣọ nìkan. Níbẹ̀, eérú nípọn láti ìdí ọgbà pákó aránṣọ títí dé ibi tí koríko igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi igi tú u. Ó rí àwọn ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná kò jó tán nísàlẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti gé wọn sì dán. Ó kó díẹ̀ sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ó wọnú igbó, ó ń yẹ àwọn òkúta wò. Apá tó kọ sí àdúgbò ló dúdú. Apá tó kọ sí ibi àpótí oyin ṣì mọ́.

Òpópónà ni wọ́n gbà padà. Ọ̀rá ìdọ̀tí kún ẹnu géètì gbogbo ilé, àyàfi ilé kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aránṣọ.

"Ọkọ̀ akólẹ̀ ti bàjẹ́ láti bí oṣù kan," panápaná ṣàlàyé. "Ilé tó mọ́ yẹn, ti alága àdúgbò ni. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mi tó tó o. Òun la fi ṣe ẹni tó ń yẹ àgbàlá àwọn yòókù wò. Àbúrò rẹ̀ ni Olóyin, ìyá kan, bàbá kan."

Ní àtìmọ́lé, Olóyin jókòó sórí sìmẹ́ńtì.

"Ṣé o dáná lọ́jọ́ náà?"

"Rárá, mà. Oyin ò tíì tó kó, kí ni mo fẹ́ fi èéfín ṣe? Gbogbo àpótí mi ló jóná. Ẹni tó máa jó oko ara ẹ̀, ṣé orí ẹ̀ pé?"

"Ta ló kọ́kọ́ dárúkọ ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò bínú sí wọn. Alága ni wọ́n, wọn ò lè gbè mí. Àwọn ni wọ́n tọ́ mi nígbà tí bàbá wa kú."

Pálọ̀ alága mọ́ débi pé àlejò á fẹ́ bọ́ bàtà kó tó wọlé. "Màdáàmù, ó dùn mí wọra," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Mi ò lè torí àbúrò purọ́."

"Mo gbọ́ yín, sà. Fúláwà tẹ́ ẹ fi ṣọgbà yẹn rẹwà. Báwo lẹ ṣe gé e tó fi tẹ́jú báyẹn?"

Inú alága dùn. "Èmi fúnra mi ni. Panápaná ní ká má jẹ́ kó ga. Mo ti gé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú iná yẹn."

"Èyí tẹ́ ẹ gé ńkọ́?"

"Ọkọ̀ akólẹ̀ ti kó o lọ."

Ìyá Báwo dúpẹ́, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe gbogbo àdúgbò sí gbọ̀ngàn tí panápaná ti ń kọ́ wọn. Aránṣọ ti ilé ìwòsàn wá, ó wà ní ìjókòó iwájú pẹ̀lú báńdéèjì rẹ̀. Wọ́n mú Olóyin wọlé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.

"Ààlà yín ò já yín kulẹ̀," ni Ìyá Báwo fi bẹ̀rẹ̀. "Gbogbo ibi tó mọ́, ibẹ̀ ni iná kú sí. Ibì kan ṣoṣo ló ti kọjá, torí ẹnì kan da ẹ̀ka gbígbẹ síbẹ̀. Iná ò sì ti igbó wá. Apá tí iná ti ń bọ̀ ló máa ń dúdú lára òkúta; bó bá jẹ́ igbó ló ti wá, apá tó kọ sí àpótí oyin ni ì bá dúdú. Orí ààlà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wọ igbó, ó sì wọ ilé aránṣọ." Ó da ẹ̀ka inú ọ̀rá sórí tábìlì. "Fúláwà nìyí, àlùmọ́gàjí ńlá ni wọ́n fi gé e. Ilé kan ṣoṣo ló ní fúláwà ládùúgbò yìí. Alága, ẹ ní ọkọ̀ akólẹ̀ ló kó tiyín. Ọkọ̀ wo, sà?"

Alága wo ẹ̀ka orí tábìlì. Ó ní: "Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, mo ní kí n kó o síbẹ̀ ná. Àṣé panápaná máa wá wo ààlà lọ́jọ́ kejì. Èmi tí mò ń bá àwọn èèyàn wí nítorí ewé! Mo ní kí n yára sun ún. Mo wọlé lọ bu omi. Kí n tó jáde, atẹ́gùn ti dé."

"Mò ń ránṣọ lọ́wọ́ nínú ilé nígbà yẹn," ni aránṣọ sọ. "Ẹ ò kan ilẹ̀kùn mi."

Ọlọ́pàá tú ọwọ́ Olóyin sílẹ̀. Ó rìn dé iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ pè mí sí kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ sọ fún mi pé ẹ̀yin ni, ǹ bá sọ fún wọn pé èmi ni. Tọkàntọkàn ni ǹ bá fi sọ ọ́. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí."

Alága fi ọwọ́ bojú, ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ti ń yẹ àgbàlá wọn wò. Olóyin kò dúró wò ó. Ó lọ bá aránṣọ ṣí ilẹ̀kùn, nítorí ọwọ́ obìnrin náà kò tíì lè di nǹkan mú, àwọn méjèèjì sì jọ jáde.