Ebè Tí Wọn Kò Fi Han Àlejò

Ramlah wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Samsudeen kọ́kọ́ rí i, láàárín oko iṣu tí Samsudeen ń dá ní Òfíkì. Iyẹ̀pẹ̀ kún híjáàbù ọmọbìnrin náà, ó sì ń bá iṣu sọ̀rọ̀. Háà, ọkàn ọmọkùnrin yìí yọ́ bí òrí inú oòrùn!

“Olùkọ́, ṣé iṣu yẹn ń dá yín lóhùn?”

“Ó gbọ́n ju ẹni tó ń bi mí lọ.”

Ṣakí ni Ramlah ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó wá ṣe ìwádìí bí iṣu ṣe ń ta. Samsudeen á ní, “Ẹ wa èyí,” iṣu ńlá á jáde. Wọn á sun ún, wọn á fi epo jẹ ẹ́, ọyẹ́ á máa fẹ́. Ìgbà yẹn mà dùn o!

Àfi ìgbà tí ẹni tó ń yẹ ìwádìí rẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé fi fèsì: “Ìṣirò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ta ló yan àwọn ebè yìí? Iṣu wọn ti dára jù.” Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ jáde, iṣẹ́ Ramlah ní Ṣakí bọ́ nìyẹn.

“Ṣé olóríburúkú yìí tiẹ̀ ti rí ebè rí?” Ramlah bú sẹ́kún.

Ojú ti Samsudeen. “Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo ń yan èyí tó dára fún ọ. Ta ló ń fi iṣu tí kòkòrò jẹ han àlejò? Àlejò tí mo fẹ́ràn!”

Wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Èyí tí kò ta ni Samsudeen fọwọ́ bò ní tirẹ̀. Ramlah gun ọ̀kadà lọ, kò wẹ̀yìn.

Àfi bó ṣe padà dé lọ́jọ́ kan tòun ti igbá. Ó ti fún gbogbo ebè oko ní nọ́ńbà, ó kọ wọ́n sí bébà kéékèèké, ó dà wọ́n sínú igbá.

“Lọ́tẹ̀ yìí, igbá ni yóò yàn, kì í ṣe ìwọ.”

Nọ́ńbà tí wọ́n bá fà yọ ni wọ́n ń wa: wọ́n wa èyí tó ta, wọ́n wa èyí tó rà. Ọ̀kan kò ju àtàǹpàkò lọ, Ramlah sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde, iṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, Samsudeen jókòó tì í lẹ́bàá ebè. “Ramlah, mò ń hanrun. Bébi bá ń pa mí, inú á máa bí mi. N kò mọ ọbẹ̀ sè.”

“Kí lo ń sọ yìí?”

“Ebè mi tí kò ta ni mò ń fi hàn ọ́.”

Ramlah di ọwọ́ rẹ̀ mú, tòun ti iyẹ̀pẹ̀. “Ṣé ó ṣì kù?”

“Ó pọ̀.”

“Lọ sọ fún bàbá mi kí wọ́n so yìgì fún wa. Màá máa wa ìyókù nílé.”