Àwọn Tí Màámi Ń Kí Létí Odò Bow

Ó ti sú mi láti máa búra lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ojú mi ló ṣe, etí mi ló sì gbọ́ ọ.

Akínrẹ̀mí ọkọ mi ló dá a sílẹ̀. Láti ìgbà tí Màámi ti ti Nàìjíríà dé sọ́dọ̀ wa ní New Brighton lókè òkun níbí ló ti ń sọ pé wọ́n ń dá sọ̀rọ̀ ní basement, yàrá abẹ́ ilé tí wọ́n ń sùn sí.

"Mọ́láyọ̀, it's not normal. Tó bá jẹ́ pé orí wọn ti ń dàrú, ta ló máa dúró tì wọ́n? Èmi wà ní warehouse, ìwọ wà ní hospital. Ká tètè dá wọn padà sílé."

Ilé wo? Bàbá mi ti kú. Èmi nìkan sì ni Màámi bí láyé.

Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ kí n fi ojú ara mi wò wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo wà ní off, Akínrẹ̀mí gbé wa lọ sí Harvie Heights, abúlé kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè. A ó fẹsẹ̀ rìn dé Canmore, ìlú tó tẹ̀ lé e, a ó tẹ̀ lé etí odò Bow, òun á dúró dè wá lẹ́nu afárá. Spring ti dé. Snow ti yọ́ lójú ọ̀nà, ó kù sórí àwọn òkè.

A ò tíì rìn jìnnà tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo òyìnbó tá a bá pàdé ni Màámi ń kí. "Ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú òtútù o!"

"Màámi, wọn ò gbọ́ Yorùbá."

"Ṣé wọn ò gbọ́ ẹ̀rín ni?"

A la Canmore kọjá, a bọ́ sétí odò. Ibẹ̀ dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó ń lọ. Omi nìkan là ń gbọ́, àti yìnyín tó ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ igi. Bẹ́ǹṣì kan wà lọ́ọ̀ọ́kán, òfìfo ni. Màámi tẹ orúnkún wọn díẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, bàbá. Ẹ kú ìgbatẹ́gùn. Ẹ̀yin àti ajá yín."

Inú bí mi. "Màámi! Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀!"

"Má pariwo. Ajá yẹn ń sùn."

Mo lọ wo bẹ́ǹṣì náà. Irin pẹlẹbẹ kan wà lára ẹ̀, irú èyí táwọn ẹbí òkú máa ń kàn mọ́ ọn fún ìrántí. Wọ́n kọ Julius sí i. Lábẹ́ ẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ajá rẹ̀. Màámi ò mọ̀wé, wọn ò sì sún mọ́ ọn. Orí mi wú, ṣùgbọ́n mo ní bóyá ajá kan ló ti kọjá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A tún dé òmíràn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Iṣẹ́ wo, Màámi? Iṣẹ́ wo?"

"Òwú ni wọ́n ń hun."

Mo rí orúkọ obìnrin lára irin tìyẹn. Mi ò ka ìyókù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Tí Akin bá gbọ́ èyí, lónìí ló máa ra ticket yín."

"Kí n wá máa kọjá lára àgbà láì kí wọn? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

Mo bọ́ síwájú, mo ń rìn lọ.

Ó kù díẹ̀ ká dé ẹnu afárá, bẹ́ǹṣì kan tún wà. Tuntun ni. Pákó ẹ̀ ṣì ń rùn. Irin wà lára ẹ̀, wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Mo ti ń retí kí Màámi tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n wo bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n wò mí. Wọ́n wá gbá mi lọ́wọ́ mú, wọ́n ń yára lọ, àwọn tó ti ń sọ pé orúnkún ń dun àwọn láti àárọ̀.

"Ẹ ò kí ti ibí yìí?"

Wọ́n túbọ̀ ń fà mí lọ.

"Kò sẹ́ni níbẹ̀, àbí? Ọpẹ́ o! Ṣé ẹ wá rí i báyìí?"

"Ẹnì kan wà níbẹ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò kí i? Ẹ ti kí gbogbo ayé tán!"

"Òun ló yẹ kó kúnlẹ̀ kí mi. Ṣé ìyá ló ń kí ọmọ tó bí ni?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Bẹ́ǹṣì nìkan ni mo rí.

Nínú mọ́tò, Akínrẹ̀mí wò mí. Ó rọ ohùn sílẹ̀. "How far? Ṣé wọ́n dá sọ̀rọ̀?"

Mo ní rárá o. Mo ní ara wọn dá ṣáṣá.

Láti ọjọ́ náà, Màámi ò dá sọ̀rọ̀ ní basement mọ́. Èmi gan-an ni wọ́n ń ṣọ́ báyìí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo ní kí n fìdí lé àga, wọ́n á ti dé ẹ̀yìn mi. "Dìde, Mọ́láyọ̀. Má jókòó. Dìde." Ó ń bí mi nínú. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Síbẹ̀, mò ń dìde.

Tẹ́lẹ̀, àdúrà mi ni pé kí orí Màámi má dàrú. Ní báyìí, mò ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ pé kó jẹ́ pé ó ti dàrú.