Ọmọ Ọlọ Inú Ère

"Odò Yewa ni mo jù ú sí. Bó bá dùn ọ́, lọ wá a lọ́hùn-ún."

Bí Gbọ́lá ṣe dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn nìyẹn, ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ayétòrò, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí Lábísí gbé omi dé ìdí máńgòrò tí kò bá ère rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Àpò tútù tó fi ń bò ó nìkan ló wà nílẹ̀. Irọ́ gbuu ni ọkùnrin náà ń pa, ó sì ń pa á pẹ̀lú ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ ẹ̀kọ tí obìnrin náà sè. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ká ní ó mọ ohun tó wà nínú ikùn ère tó jí, ì bá dá a padà kí oòrùn tó yọ.

Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Lábísí. Ó ti lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, ó ń kọ́ ère mímọ àti bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ ọnà. Kíláàsì kan náà ni òun àti Dinah, àbúrò rẹ̀ tó wà nílé rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá wọn ni kí kálukú fi oríṣiríṣi nǹkan pa pọ̀ ṣe ère kan, kó sì fi ohun kan láti ilé tirẹ̀ sí i. Ẹni tí kò bá gbé tirẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Nítorí pé Lábísí ń ṣiṣẹ́, ilé ló ti ń ṣe tirẹ̀, olùkọ́ wọn kò sì tíì rí i. Ó ká wáyà, ó rẹ́ símẹ́ńtì lé e, ó fi páànù tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe ìgbàyà rẹ̀. Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ tó ń lọ ata ni. Ojú màmá wọn tó ti kú ló gbé wọ̀ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Dinah nígbà tí màmá yẹn ń kú lọ. Ó fi ọlọ rẹ̀ lé Lábísí lọ́wọ́, ó ní, "Fi èyí bọ́ àbúrò rẹ." Lábísí sì fi bọ́ ọ. Ó lọ ata fún un, ó sanwó ilé ìwé rẹ̀, ó mú un wọlé ọkọ. Àfi bí Dinah ṣe dàgbà tán tó sì gba ọkọ mọ́ ẹni tó tọ́ ọ lọ́wọ́! Gbọ́lá, tó ń wa tírélà òkúta ní ọ̀nà Ibese, ti gba yàrá kan fún un ní Ìlaró. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, Dinah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ró ìró ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń ṣe pẹ̀lẹ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun fọkàn balẹ̀, pé ọdún kan kì í pẹ́ yípo. Lábísí bi í pé tirẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun ti parí tòun, pé ó wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun ní Ìlaró. Lábísí wọlé lọ wá ìwé tó fi ya àwòrán ère náà. Ìwé náà ti pòórá. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ sọ òtítọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́.

Ó jáde padà, ó wo àwọn méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹni tó bá gbé e, kó máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta péré ni símẹ́ńtì yẹn. Bí oòrùn bá pa á, yóò lanu."

Gbọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì rí ẹni tó ń wẹ òkúta bí ọmọ tuntun rí. Dinah náà rẹ́rìn-ín. Ìkìlọ̀ ni obìnrin náà fún wọn o, àwọn sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Ní Ìlaró, inú oòrùn gangan ni wọ́n gbé ère náà sí, kó lè tètè gbẹ kí Dinah fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Odidi ọjọ́ mẹ́rin, kò rí ẹ̀kán omi kan.

Ó dọjọ́ Ẹtì. Gbọ̀ngàn kún. Gbọ́lá wà lẹ́yìn pátápátá nínú léèsì funfun, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Lábísí wọlé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ó jókòó. Bí wọ́n ṣe ṣí aṣọ lójú ère Dinah, màmá rẹ̀ ló ń wò ó láti inú ọ̀dà dúdú. Omi bọ́ lójú Lábísí.

Dókítà Mọ́rẹ́olúwa, olùkọ́ wọn, yí ère náà po. Ó béèrè ohun tí Dinah mú wá láti ilé. Dinah tọ́ka sí páànù. Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlà tín-ín-rín kan ti là láti abẹ́ ọmú dé ìdodo, ó sì ń gbòòrò.

"Kí ló wà nínú ikùn rẹ̀?"

"Símẹ́ńtì lásán ni, mà."

Lábísí dìde, ó kúnlẹ̀. "Mà, kì í ṣe símẹ́ńtì. Ọmọ ọlọ màmá wa ló wà níbẹ̀. Etí rẹ̀ kan ti jẹ, àdìrẹ ni mo fi wé e."

"Ìlara ti pa yín!" ni Dinah fi bọ́ sí i. "Àgbàyà tí kò rí iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe! Bí ohun tí ẹ sọ bá wà níbẹ̀, kí n má gba ìwé ẹ̀rí láyé mi!"

Ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣépè. Ọlọ wà ní ilé ìdáná láti ọ̀sẹ̀ kan láìsí ọmọ rẹ̀. Bí Dinah bá ti wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fọ àwo, ì bá ti rí i. Jíjẹ nìkan ló mọ̀.

Dókítà ní kí wọ́n mú òòlù wá. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ikùn ère wó sílẹ̀, ohun kan tí wọ́n fi àdìrẹ wé yí bọ́ síwájú Dinah. Wọ́n tú u. Ọmọ ọlọ ni, etí rẹ̀ kan ti jẹ.

Dinah yíjú sẹ́yìn.

"Gbọ́lá, sọ̀rọ̀! Ṣebí ìwọ lo gbé e wá fún mi?"

Orúkọ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè lásán bẹ́ẹ̀, láìsí bùọ̀dá. Kò sẹ́ni tó tún nílò àlàyé. Gbọ́lá ti ń wá ilẹ̀kùn, fóònù rẹ̀ ṣì ń ya fídíò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.

Wọ́n lé Dinah kúrò ní yunifásítì. Ìyá Gbọ́lá fúnra rẹ̀ wá láti Ìlóbì, ó kúnlẹ̀ bẹ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì kó ẹrù ọmọ rẹ̀ lọ. Ère tó ti fọ́ náà ni Dókítà fún ní máàkì, ní orúkọ Lábísí, máàkì tó ga jù lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí dé, Lábísí fọ eruku símẹ́ńtì kúrò lára ọmọ ọlọ, ó ń fi lọ ata. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Dinah ni, ó ti rù, àpò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbọ́lá ti já a jù sílẹ̀ ní Ìlaró.

"Àǹtí mi, ẹ dákun. Ebi ń pa mí."

Lábísí kò dáwọ́ dúró. Ó lọ ata náà títí ó fi kúnná.

"Màmá ní kí n fi ọlọ yìí bọ́ ẹ," ó ní. "Mo fi bọ́ ẹ títí o fi jí i gbé."

Ó fọ ọlọ, ó fọ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé àwo kan ṣoṣo kalẹ̀ fún ara rẹ̀.