Íǹṣì Mẹ́fà

"Kí lò ń kọ tó o fi ń pààrọ̀ bírò báyìí?"

Odalys ló béèrè bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé rọra ń lọ lórí yìnyín, Corliss Tolliver sì jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó gbé ìwé lé orúnkún. Bírò mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi dúdú kọ ọjọ́ mélòó kan, ó fi búlúù kọ mélòó kan, ó tún wá mú èyí tí yíǹkì rẹ̀ ti ń tán, kí ojú ìwé náà lè dà bí ohun tí èèyàn ń kọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

"Mò ń tún un kọ ni," Corliss dáhùn láìgbójú sókè. "Mo fẹ́ kó mọ́ tónítóní."

Odalys gbà á gbọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà ní kíláàsì kẹta, kò tíì bá irọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí. Bí Corliss bá ti sọ̀rọ̀, ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti lọ wò ó délẹ̀délẹ̀.

Iṣẹ́ tí Ìyáàfin Wojcik, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọn ní ìlú Milwaukee, fún wọn ló wà nínú ìwé náà. Nínú oṣù kọkànlá, ó pín kóró òwú fún akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá kí wọ́n lọ gbìn ín sílé, ó sì yá ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iná pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń tọ́jú irúgbìn. Òwú fẹ́ràn oòrùn gan-an, bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù ní Milwaukee, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kì í bá oòrùn lójú ọ̀run. Iná yìí ni kó ṣe oòrùn fún un. Lójoojúmọ́, kálukú gbọ́dọ̀ wọn iye íǹṣì tó wà láàárín iná àti ewé tó ga jù lọ, kó sì kọ iye wákàtí tí iná fi tàn. Àwọn méjì tí iṣẹ́ wọn bá dára jù yóò lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní yunifásítì Madison nígbà ìsinmi, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí ohun ọ̀gbìn.

Corliss fẹ́ lọ. Odalys fẹ́ lọ jù ú lọ. Ó ti lẹ àwòrán ọgbà yunifásítì náà mọ́ ara fíríìjì ìyá rẹ̀.

Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, Corliss ń wọn iná rẹ̀ déédéé. Ìgbà tí òwú náà ṣì kéré, ó so iná náà sí íǹṣì mẹ́fà, kò sì tàn án ju wákàtí díẹ̀ lọ lójúmọ́, bí olùkọ́ ṣe wí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kìíní, wọ́n mú un sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ó sì pa rúlà tì. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló kọjá láìkọ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí nínú bọ́ọ̀sì, ó kọ "íǹṣì mẹ́fà" sí gbogbo wọn. Ní ti wákàtí, ó rò ó pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni òwú á ṣe yọ̀ tó. Ó kọ "ogún".

Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì, Ìyáàfin Wojcik wo ìwé náà, ó wo fọ́tò òwú tí Corliss yà nílé, ó tún padà sí ìwé. Òwú náà ga dé itan, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó sì ti rudi mẹ́sàn-án.

"Iná tó lágbára tó yẹn, ní íǹṣì mẹ́fà? Fún ogún wákàtí? Èmi ì bá ní ewé rẹ̀ á jó. Corliss, ṣé ó dá ẹ lójú?"

Gbogbo kíláàsì ń wò ó. Àyè ṣì wà láti sọ òótọ́.

"Ó dá mi lójú, mà."

"Ó dáa, fọ́tò kì í ṣàwàdà. Odalys, tìẹ rudi mẹ́ta péré. Lọ gbìyànjú ti Corliss wò."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Odalys fa iná rẹ̀ wálẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, ó gbé àpò búrẹ́dì kan wá sí kíláàsì. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì: ìrudi mẹ́ta tó ti gbẹ, pẹ̀lú ewé tí etí rẹ̀ ti funfun, tó ń rún bí ìpékeré.

"Ṣé o ń bomi rin ín?" olùkọ́ béèrè.

"Mò ń bomi rin ín, mà. Ohun tí ẹ ní kí n ṣe náà ni mo ṣe."

"Odalys, àbí o ti fi òwú yẹn sínú ọ́fúùnù ni?" Terrell ké láti ẹ̀yìn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Odalys kó àwọn ewé náà padà sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Corliss kò bá wọn rẹ́rìn-ín; àwọn ewé funfun yẹn ló ń wò.

Nígbà tó délé, kò bọ́ kóòtù kó tó mú rúlà. Ó gbé e sáàárín iná àti ewé. Rúlà kò tó. Ó lọ mú téèpù. Íǹṣì méjìdínlógún.

Bàbá Àgbà, bàbá tó bí ìyá rẹ̀, jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó ń bó ẹ̀wà sínú abọ́. Oko òwú ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Mississippi, níhà gúúsù. Lọ́jọ́ tí Corliss gbin kóró yẹn, bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àdúrú bí mo ṣe sá fún un tó, ó ti wá mi dé yàrá ìjẹun!"

"Bàbá Àgbà, ẹ̀yin lẹ gbé iná yìí sókè?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Láti oṣù kìíní ni mo ti ń fa ṣéènì rẹ̀ sókè bó ṣe ń ga. Mo máa ń na ẹ̀yìn ọwọ́ mi sábẹ́ iná níbi tí ewé wà. Bó bá ti ta mí, ó ń ta òun náà nìyẹn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń tàn án, mò ń pa á láago mẹ́sàn-án alẹ́. Òwú náà fẹ́ sùn, ọmọ mi." Ó dá ọwọ́ dúró. "Ṣebí o ti rí i nígbà tó ò ń wọ̀n ọ́n?"

Corliss ń ká téèpù náà díẹ̀díẹ̀.

"Corliss. Kí lo wá kọ sínú ìwé yẹn?"

Ó sọ fún un. Bí ó ti ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí létí ara rẹ̀, ojú sì tì í ju bí ó ti rò lọ.

Bàbá Àgbà kò pariwo. "Ṣé ẹnì kan ti lo nọ́ńbà yẹn?"

"Odalys."

"Ó mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Nígbà náà, èmi kọ́ ló yẹ kó o máa sọ fún."

Lọ́jọ́ kejì, Corliss kò dúró kí kíláàsì tú. Ó dìde níwájú gbogbo wọn, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete.

"Odalys ò ṣe nǹkan kan tó burú. Èmi ni mi ò wọn iná mi fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti hùmọ̀ àwọn nọ́ńbà yẹn. Bàbá mi àgbà ló tọ́jú òwú mi, íǹṣì méjìdínlógún ni, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má bínú, mà. Odalys, jọ̀ọ́, má bínú."

Terrell pàápàá tẹ orí ba. Odalys ń wò ó tààrà.

"Èmi tí mo jókòó tì ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́?" ó ní. "Mo bi ẹ́!" Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ jókòó sí ìjókòó mìíràn.

Ìyáàfin Wojcik yọ orúkọ Corliss kúrò lára àwọn tó lè lọ sí Madison. Kò bú u. Ó kàn ní, "Òwú rẹ ló dára jù nínú gbogbo wọn, mi ò sì lè lo ohun kan nínú ìwé rẹ." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ní òmùgọ̀ ni, pé ta ni ì bá mọ̀? Corliss ní òun mọ̀, ìyẹn ti tó.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti Bàbá Àgbà lọ sílé Odalys. Odalys ṣílẹ̀kùn, ó wo bàbá náà nìkan. "Ẹ wọlé, sà."

Bàbá Àgbà na ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ iná, ó yára fà á padà. "Kò yani lẹ́nu!" Ó fi ojú wá gbogbo igi náà dáadáa, ó wá fi ìka kan ibì kan nítòsí ìdí rẹ̀, níbi tí ewé kékeré kan ti ń yọ. "Kò tíì kú o. Bó bá rí iná tó bá a lára mu, á tún rudi."

Corliss di téèpù mú, Odalys ń fa okùn iná sókè.

"Mélòó?" Odalys béèrè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ látọjọ́ náà nìyẹn.

"Méjìdínlógún. Wá fi ojú ara rẹ wò ó."

Odalys tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Odalys kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀: bí iná tó sún mọ́ jù ṣe jó ewé, ọjọ́ tí wọ́n gbé e sókè, ọjọ́ tí ewé tuntun yọ. Ìwé yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú méjì tí àwọn ará Madison yàn. Corliss bá a yọ̀, ó sì dùn ún pé òun kò ní lọ. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́.

Nínú oṣù karùn-ún, fóònù Corliss dún. Odalys ni, ó ń mí gúlegúle.

"Òdòdó mi là lánàá, funfun báláú! Mo jí lónìí, ó ti pọ́n! Ṣé àìsàn ni?"

Bàbá Àgbà gbọ́ ọ láti orí àga rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Sọ fún un pé bí òdòdó òwú ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Funfun lónìí, pupa lọ́la, lẹ́yìn náà á bọ́, èso á sì tẹ̀ lé e."

"Tìẹ ńkọ́?" Odalys bi Corliss. "Wákàtí mélòó ló fi pọ́n?"

Corliss la ẹnu. Tẹ́lẹ̀, ì bá ti dárúkọ iye kan, ì bá sì dárúkọ rẹ̀ dáadáa.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Mi ò ṣọ́ ọ."

Odalys rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Mo lè fi ìyẹn ṣiṣẹ́."

Corliss kò di ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ sísọ. Ohùn rẹ̀ ṣì ń jáde ketekete títí dòní. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé bí èèyàn bá fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí kò wò, kì í ṣe òun nìkan ni irọ́ náà ń bá: ẹlòmíràn wà níbì kan tó gbà á gbọ́, tó ti lọ fa iná tirẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ wọ̀n ni kí ẹ kọ. Èyí tí ẹ kò bá wọ̀n, ẹ sọ pé ẹ kò wọ̀n ọ́n.